Àyè Tó Ṣófo Nínú Fọ́ọ̀mù Àpìkẹ́

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń fọ́nnu pé ẹ ti mọ olè kí ìtàn tó dé ìdajì, ẹ súnmọ́ bí. Ẹ pa tẹlifíṣọ̀n yẹn, ẹ jókòó dáadáa, ẹ gbọ́ mi yé. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ nílò láti mú olè yìí, iwájú yín ni màá kó o sí, mi ò ní fi ẹyọ kan pamọ́. Ká wá wò ó bóyá ẹ máa rí i.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni, agogo mẹ́sàn-án àárọ̀ ti lọ díẹ̀, nílùú Iléṣà, nínú báńkì kan tó ti kú.

Báńkì Ìfẹ́sowápọ̀ lorúkọ ẹ̀. Báńkì kékeré ni, irú èyí tí tíṣà àti aránṣọ ń fi ẹgbẹ̀rún kan, ẹgbẹ̀rún méjì pamọ́ sí. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tíjọba ti gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ wọn, torí owó tí wọ́n yá àwọn èèyàn ńláńlá ò padà wálé. Wọ́n wá rán àwọn kan wá láti Àbújá kí wọ́n wá tú báńkì náà ká, kí wọ́n ta àga, kí wọ́n ta jẹnẹrétọ̀, kí wọ́n sì dá owó àwọn kékèèké padà fún wọn. Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n máa ká tábìlì wọn. Ẹni tí kò bá tíì gba tiẹ̀, ó di Àbújá, ó di kó máa kọ̀wé, ó lè di ọdún tó ń bọ̀.

Inspẹ́kítọ̀ Ràṣídátù Oyèbọ̀dé ló wọlé báyẹn. Òṣogbo ni wọ́n ti rán an wá. Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta ni. Ọkọ ẹ̀ kú lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, kò bímọ, ilé ẹ̀ wà ní Ìdó-Ọ̀ṣun, abọ́ kan àti ṣíbí kan ló ń fọ̀ lálaalẹ́. Tí fóònù ẹ̀ bá dún, iṣẹ́ ni. Tí kì í bá ṣe iṣẹ́, àwọn tó ń ta dátà ni.

Ìyá arúgbó kan wà níwájú tábìlì.

"Màmá, mo ní ẹ ti gba owó yín ní Túsìdeè," Olúwatómisìn ń sọ. Òun lọmọ Àbújá tó ń sanwó, ọmọdébìnrin jẹ́jẹ́ kan báyìí tó wọ kóòtù nínú ooru.

"Ta ló gbà á?"

"Ẹ̀yin náà ni, Màmá. Ẹ tẹ̀ka síbí, ẹ wò ó."

"Ojú wo ni mo fẹ́ fi wò ó, ọmọ mi? Èyí tó kú ni, àbí èyí tó ń kú lọ?"

Àwọn tó wà lórí ìlà rẹ́rìn-ín. Ìyá náà ò rẹ́rìn-ín. Àpìkẹ́ lorúkọ ẹ̀, aláró ni, ará Òṣogbo. Ojú ọ̀tún ti fọ́. Dókítà ti ní tí wọn ò bá ṣiṣẹ́ abẹ fún tòsì lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, kó má yọ ara ẹ̀ lẹ́nu mọ́. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀ọ́dúnrún náírà tó wà ní Ìfẹ́sowápọ̀, owó ojú ẹ̀ nìyẹn. Kò ní òmíràn.

"Ó dáa, ṣé kí n mú aṣọ mi jáde ni?" ló wá béèrè.

"Màmá, a ò ra aṣọ níbí o," ni Tómisìn wí, wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Ìyá náà káwọ́ mọ́ra bí ọmọ tí wọ́n bá wí níta gbangba.

Ràṣídátù súnmọ́ ọn. "Ẹ káàárọ̀, Màmá. Ọlọ́pàá ni mí, torí ọ̀rọ̀ yín ni mo ṣe wá. Ẹ jẹ́ n rí ọwọ́ yín."

Ọwọ́ náà dú dé ọrùn ọwọ́, ó dú bí ojú ọ̀run tójò fẹ́ rọ̀. Ṣùgbọ́n orí àwọn ìka yẹn ń dán bí ìdí àwo. Ràṣídátù fi àtàǹpàkò tiẹ̀ ra wọ́n.

"Ọdún mélòó lẹ ti ń rẹ aṣọ láró, Màmá?"

"Ó lé lọ́gọ́ta. Omi eérú ti jẹ gbogbo ìka mi. Àwọn tó ń ṣe káàdì ìdìbò, ẹ̀rọ wọn ní mi ò lọ́wọ́." Ó na méjèèjì sókè. "Àwọn wo wá nìwọ̀nyí?"

Ràṣídátù ní kí wọ́n gbé tàdáwà wá. Ọkùnrin tó gbé e wá ni Bọ́lárìnwá. Káṣíà ni nínú báńkì yẹn kó tó kú, àwọn ará Àbújá wá gbà á pé kó máa bá àwọn dá oníbàárà mọ̀. Ọkùnrin tó mọ èèyàn í tọ́jú ni o! Ó di ọwọ́ ìyá àgbà náà mú pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó tẹ àtàǹpàkò ẹ̀ mọ́ ìwé. Ohun tó jáde ò nílà kankan, ó kàn dú bìrìkìtì bí ẹni da tàdáwà sílẹ̀.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá mi," ni Bọ́lárìnwá wí. Ó fa àkísà kékeré kan jáde nínú abọ́ rọ́bà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tàdáwà, ó fi nu ìka ìyá náà, ó sì nà án sí Ràṣídátù. Aláwọ̀ aró ni, kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, wọ́n gé etí ẹ̀ kan bí eyín ayùn. Ràṣídátù nu ọwọ́ tiẹ̀ náà, ó sọ ọ́ padà sínú abọ́.

Ó wá gba fáìlì.

Kì í ṣe ti Àpìkẹ́ nìkan. Ìyá méje ni wọ́n ti ṣe báyìí, gbogbo wọn aláró, gbogbo wọn ará Òṣogbo. Ràṣídátù to káàdì báńkì wọn àtijọ́ sórí bẹ́ǹṣì, ó to fọ́ọ̀mù ìgbowó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ìtẹ̀ka orí káàdì bá ti orí fọ́ọ̀mù mu, ìlà ẹ̀ ń yọ kedere. Ó mú gíláàsì ìwòran jáde nínú báàgì. Ìka àkọ́kọ́ ní àpá kékeré kan láàárín. Ìkejì náà ní in. Ìkẹta náà.

Méjèèje, ìka ẹnì kan ṣoṣo ni.

Nǹkan méjì míì tún wà. Yí gbogbo ìtẹ̀ka orí káàdì ká, ihò abẹ́rẹ́ kéékèèké wà, bíi pé wọ́n ti rán nǹkan mọ́ ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Èkejì wá wà nísàlẹ̀, níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé *Mọ̀lẹ́bí tó sún mọ́ ọ jù*. Níbẹ̀, lórí káàdì méjèèje, kò sóhun tí wọ́n kọ.

Ràṣídátù tún wo èyí tó kẹ́yìn yẹn. Fọ́ọ̀mù tiẹ̀ wà ní ọ́fíìsì wọn l'Óṣogbo, tí wọ́n ní kó tún kọ lẹ́yìn ikú ọkọ ẹ̀. Ó ti dá irú àyè yẹn padà bẹ́ẹ̀ rí.

"Tómisìn, ta lo sanwó fún?"

"Ma, èèyàn igba lójúmọ́! Ìyá àgbà kan tó fi ìborùn borí, tó wọ ìbomú, báwo ni màá ṣe mọ̀ ọ́n yàtọ̀? Ọmọ Àbújá ni mí. Ọ̀gbẹ́ni Bọ́lárìnwá ló ń dá wọn mọ̀. Tí wọ́n bá ti ní ẹni náà ni, màá wo ìtẹ̀ka, tó bá bára mu, màá san."

"Bọ́lárìnwá?"

"Madam, mo mọ gbogbo àwọn Màmá aláró yẹn dáadáa. Bóyá wọ́n kàn fi ìbomú yẹn tàn mí jẹ ni." Ó rẹ ohùn ẹ̀ sílẹ̀. "Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ èmi ni yín, máníjà Òṣogbo ni màá wá lọ. Nehemiah Ògúnjìnmí. Ọwọ́ ẹ̀ ni káàdì wọ̀nyí wà kí wọ́n tó ti ẹ̀ka Òṣogbo pa lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn. Ẹ mọ ibi tó wà báyìí? Itagunmodi. Ó ń wa góòlù. Máníjà báńkì, Madam! Kí ló ń sá fún?"

Ọ̀rọ̀ yẹn bọ́gbọ́n mu, àbí? Ràṣídátù náà rí i bẹ́ẹ̀. Ó yíjú sí Àpìkẹ́.

"Màmá, ẹ máa lọ sílé, màá pè yín."

"Ilé ta ló wà ní Iléṣà?" ni ìyá náà wí. "Màá jókòó síbí. Bí mo bá délé náà, ìjókòó ni."

* * *

Ọ̀kadà ló gbé Ràṣídátù dé Itagunmodi. Ilẹ̀ ibẹ̀ pọ́n, omi ibẹ̀ pọ́n, wọ́n ti wa gbogbo ẹ̀gbẹ́ odò ní kòtò kòtò. Ó béèrè Máníjà, gbogbo wọn ló sì mọ̀ ọ́n. Wọ́n nawọ́ sí ọkùnrin kan tó dá wà lọ́ọ̀ọ́kán, tó ń fọ iyanrìn nínú igbá. Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Táì báńkì ló fi di ṣòkòtò ẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ọlọ́pàá ni mí."

"Mo ti ń retí yín," ni Nehemiah wí. Kò gbójú sókè. "Ó pẹ́ kẹ́ ẹ tó dé."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ sá?"

"Sá ké? Ta ló lé mi?" Ó da iyanrìn nù, ó bu òmíràn. "Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì mi fowó sí báńkì yẹn torí tèmi. Ẹnu mi ni wọ́n gbọ́. Ìgbà tó kú, mo wọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sọ́ńdè, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ dìde lọ sí bẹ́ǹṣì míì. Èmi nìkan ni mo wà lórí ẹ̀ títí wọ́n fi ṣe ìdágbére. Kò sí ohun tí mo fẹ́ lọ ṣe ní *ulé* mọ́." Ìjẹ̀ṣà ẹnu ẹ̀ yọ nínú ọ̀rọ̀ yẹn. "Àwọn mélòó ló ti wá rí owó gbà?"

"Ó pọ̀. Ṣùgbọ́n aláró méje wà tí wọ́n ti bá wọn gba tiwọn."

Igbá dúró lọ́wọ́ ẹ̀. "Àwọn aláró mi? Kò ṣeé ṣe."

"Ìtẹ̀ka wà níbẹ̀, sà."

"Ìtẹ̀ka báwo?" Ó wá gbójú sókè wàyí. "Aláró tẹ̀ka? Ìka wo ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́?"

Ràṣídátù sún mọ́ ọn. "Báwo lẹ ṣe ń dá wọn mọ̀ nígbà náà?"

"Aṣọ ni." Ó fọwọ́ ara ẹ̀ ṣàpèjúwe, ẹrẹ̀ ń kán lára ẹ̀. "Ìtẹ̀ka wọn ò jáde, ọ̀pọ̀ wọn ò sì mọ̀wé. Mo ní kí olúkúlùkù mú aṣọ tó fọwọ́ ara ẹ̀ rẹ wá. Màá gé e sí méjì, bí eyín ayùn, bó bá ṣe wù mí lọ́jọ́ náà. Màá rán ìdajì mọ́ àyè ìtẹ̀ka lórí káàdì, ìdajì á wà lọ́wọ́ Màmá. Tí wọ́n bá wá gbowó, a ó tò ó pọ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún la fi ṣe é, kò sẹ́ni tó rí wa jí."

"Ta ló mọ̀ sí i?"

"Gbogbo ẹni tó bá ti dé ẹ̀ka Òṣogbo. Orí tábìlì la ti ń ṣe é."

"Bọ́lárìnwá káṣíà ńkọ́?"

"Bọ́lárìnwá? Iléṣà níbí ló ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ló parí sí. Kò fẹsẹ̀ tẹ Òṣogbo rí lórí iṣẹ́."

Ràṣídátù wo ọwọ́ ara ẹ̀. Tàdáwà díẹ̀ ṣì wà lábẹ́ èékánná àtàǹpàkò, ibi tí àkísà yẹn ò nù dé.

Ẹ jẹ́ n dá a dúró níbí díẹ̀. Ẹ ti rí i, àbí ẹ ò tíì rí i? Tó bá jẹ́ Nehemiah ló jalè, aṣọ ni ì bá yí, torí ó mọ̀ pé ìtẹ̀ka lórí káàdì aláró á pariwo. Ẹni tí kò mọ̀ nípa aṣọ náà ló lè fi ìka dípò ẹ̀. Ẹni yẹn rí aṣọ kékeré tí wọ́n rán mọ́ káàdì, ó rò pé àkísà ni, ó tú u. Kí lèèyàn wá ń fi àkísà ṣe?

"Ẹ gun ọ̀kadà, sà," ni Ràṣídátù wí. "Ẹ̀ ń bá mi lọ."

"Ṣé ẹ fẹ́ mú mi ni?"

"Rárá. Àwọn Màmá yín nílò ẹlẹ́rìí."

* * *

Agogo mẹ́ta ti lù nígbà tí wọ́n padà dé. Ìlà ti tán. Àpìkẹ́ ṣì wà lórí bẹ́ǹṣì, níbi tí wọ́n fi í sí láàárọ̀, bíi nǹkan tẹ́nì kan gbàgbé. Tómisìn ti ń di páálí.

Bọ́lárìnwá rí Nehemiah, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Madam, ẹ mà kú iṣẹ́ o. Ẹ ti rí i mú."

"Mo ti rí i. Gbé abọ́ yẹn wá."

"Abọ́ wo?"

"Èyí tó ní aṣọ ìnuka."

Ẹ̀rín yẹn ò kúrò lójú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó kàn ń tán lọ díẹ̀díẹ̀. Ràṣídátù fúnra ẹ̀ da abọ́ náà sórí tábìlì. Àkísà méje ló wà níbẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní etí kan tí wọ́n gé bí eyín ayùn, òwú tí wọ́n fi rán an tẹ́lẹ̀ ṣì wà ní igun òmíràn.

"Màmá Àpìkẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú aṣọ yín jáde."

Ìyá náà tú kókó ìró ẹ̀. Kókó yẹn ò tètè tú. Ó mú aṣọ kékeré kan jáde, ó ti gbó, ó sì mọ́. "Mo ní kí n mú un jáde láàárọ̀. Wọ́n ní wọn ò ra aṣọ."

Tómisìn dorí kodò.

Ràṣídátù tò ó mọ́ àkísà àkọ́kọ́, kò bá a mu. Ìkejì ò bá a mu. Ìkẹta wọ inú ara wọn báyìí, eyín sínú eyín, wọ́n di ẹyọ kan. Àwòrán ẹja ni. Orí ẹja ti wà nínú ìró Àpìkẹ́ látàárọ̀, ìrù ẹ̀ sì wà nínú abọ́ báńkì, gbogbo Iléṣà ń fi í nuka.

"Àkísà lásán ni!" ni Bọ́lárìnwá pariwo. "Mo bá a nílẹ̀ ni!"

"O ní o mọ àwọn Màmá aláró yìí dáadáa."

"Bẹ́ẹ̀ ni!"

"Níbo lo ti mọ̀ wọ́n?"

"Ní báńkì, ní… ní ẹ̀ka Òṣogbo."

Nehemiah ló dá a lóhùn. "Bọ́lárìnwá, orí àga wo lo jókòó sí l'Óṣogbo?"

Bọ́lárìnwá wo ẹnu ọ̀nà.

"Tó o bá mọ̀ wọ́n lóòótọ́," ni Ràṣídátù wí, "wàá ti mọ̀ pé wọn kì í tẹ̀ka. Ìka ta ni?"

Bọ́lárìnwá fìdí lé àga tí wọ́n ti lẹ iye owó tí wọ́n fẹ́ tà á mọ́. "Ìyá onílé mi ni. Mo sọ fún wọn pé owó ìrànwọ́ ìjọba ni, mo ń fún wọn ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún lẹ́ẹ̀kan. Wọn ò mọ nǹkan kan." Ó nu ojú ẹ̀. "Oṣù mọ́kànlá ni báńkì yìí ò fi sanwó fún mi, Madam. Mo tú páálí Òṣogbo, mo ń wo káàdì. Àwọn tó lọ́mọ, ọmọ wọn ti bá wọn gba tiwọn lọ nígbà tí wọ́n ti ẹ̀ka yẹn pa. Méje yìí ló kù. Àyè mọ̀lẹ́bí ṣófo. Mo ní… mo ní ta ló máa béèrè wọn?"

Ràṣídátù rò pé òun máa bínú. Òtútù ló mú un.

* * *

Ogún ìṣẹ́jú ló kù kí agogo mẹ́rin lù. Tómisìn ti pe ọ̀gá ẹ̀ l'Ábújá, ọ̀gá ní níwọ̀n ìgbà tí aṣọ ti bára mu, tí máníjà àtijọ́ jẹ́rìí, kó san ti ìyá tó wà níwájú ẹ̀. Àwọn mẹ́fà yòókù, wọ́n á lọ bá wọn nílé. Ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù tuntun ni wọ́n máa lò.

"Ma, ìṣòro kan wà." Tómisìn ò lè wo ojú ẹnikẹ́ni. "Wọ́n ní torí ohun tó ṣẹlẹ̀ yìí, a ò gbọ́dọ̀ san fọ́ọ̀mù tí àyè mọ̀lẹ́bí ẹ̀ bá ṣófo mọ́. Ẹni náà gbọ́dọ̀ wà níbí, kó fọwọ́ sí i."

"Màmá, ta lẹ ní?" ni Ràṣídátù béèrè.

"Ọmọ mi kan wà. Ó kú." Àpìkẹ́ ká aṣọ ẹ̀ padà. "Àwọn aláró tó kù, àwọn náà ò ní ju èmi lọ."

Nehemiah ní òun á fọwọ́ sí i, Tómisìn mi orí, òṣìṣẹ́ báńkì ò lè ṣe é. Aago ògiri, tí wọ́n ti lẹ iye owó tiẹ̀ náà mọ́, ń lọ.

"Ìwọ ńkọ́?" ni Àpìkẹ́ wí. Apá ibi tí Ràṣídátù wà ló kọjú sí. "Ìwọ lo béèrè mi."

"Ma, ẹ rọra o," ni Tómisìn sọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. "Tí orúkọ yín bá wọ ibẹ̀, lọ́yà Bọ́lárìnwá á ní mọ̀lẹ́bí olùfisùn ló ṣèwádìí ẹ̀. Ẹ máa gbé ẹjọ́ yìí sílẹ̀ fẹ́lòmíràn."

Ràṣídátù mọ̀. Ó mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdún méje ló ti ń retí ìgbéga, irú ẹjọ́ yìí ló ń retí, báńkì, olè, ìyá méje. Ẹlòmíràn ni wọ́n máa ya fọ́tò ẹ̀. Ó sì tún mọ̀ pé irọ́ ni òun fẹ́ kọ sórí ìwé ìjọba.

Ó mú bírò. Ó kọ *Ràṣídátù Oyèbọ̀dé*. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, níbi tí wọ́n ti béèrè ohun tó jẹ́ sí onítọ̀hún, ọwọ́ ẹ̀ dúró.

"Kí ni kí n kọ, Màmá?"

"Kọ ọmọ."

Ó kọ ọ́.

Kí wọ́n tó kúrò níbẹ̀, Ràṣídátù gba fóònù kékeré ọwọ́ ìyá náà kó lè fi nọ́ńbà ẹ̀ síbẹ̀, torí ọjọ́ Ajé, torí ilé ìwòsàn. Kò sí nọ́ńbà ẹnì kankan nínú ẹ̀. Ó fi tiẹ̀ sórí márùn-ún, bọ́tìnnì tó ní kókó kékeré lórí, kí ọwọ́ lè mọ̀ ọ́n láìsí ojú, kó kàn tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó sì pè é.

Ìrọ̀lẹ́ ló délé ní Ìdó-Ọ̀ṣun. Ó ti fi fáìlì ẹjọ́ sílẹ̀ lórí tábìlì ẹlòmíràn l'Óṣogbo. Ó kírun Màgíríbì. Ó gbé abọ́ kan, ó mú ṣíbí kan. Fóònù dún. Kì í ṣe ọ́fíìsì, kì í sì í ṣe àwọn tó ń ta dátà.

"Ràṣídátù," ni ohùn arúgbó náà wí. "Ṣé o ti délé?"

Ọdún mẹ́rin rèé tẹ́nì kan ti béèrè bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ kẹ́yìn. Ó ní láti kọ́kọ́ jókòó kó tó lè dáhùn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó tì mí látìbẹ̀rẹ̀, ẹ fi ọwọ́ sọ́kàn kẹ́ ẹ sọ òótọ́: ká ní ẹ̀yin lẹ di bírò yẹn mú, tí aago ń lọ, tí iṣẹ́ yín wà lápá kan tí ojú ìyá yẹn wà lápá kejì, kí lẹ̀yin ì bá kọ síbẹ̀?